Ẹ̀wù Má-kọjá-níbí

Ọjọ́ tí Ọmọ́lẹ́wà Akínrẹ̀mí kọ́kọ́ wọ pápá yìnyín tó wà lẹ́yìn àwọn ilé ẹrù ní Dagenham Dock, ó kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ má rò pé ó yọ̀ ṣubú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kúnlẹ̀ ni, orúnkún méjèèjì, lórí rọ́bà tútù tí wọ́n tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kúulé o, sà." Ọmọ òyìnbó onírun pupa náà, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lọ ní tirẹ̀, bojú wẹ̀yìn láti wò ó bóyá ẹni ńlá kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Ìyàwó tuntun ni nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì mú un wá wo ibi tí Olúfẹ́mi ọkọ rẹ̀ ti ń ṣeré. Bí wọ́n ṣe wọlé, bàtà rẹpẹtẹ ló bá lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì, nítorí pé àwọn oníṣeré máa ń bọ́ bàtà wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Ọmọ́lẹ́wà. Níbi tí bàtà bá ti tò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í béèrè ohunkóhun mọ́. Ó bọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyàwó gbà lóòótọ́ pátápátá: "Ìyàwó, agboolé ọkọ rẹ nìyí o. Gbogbo ẹni tó o bá níbí ló ti ṣáájú rẹ wọlé."

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ létí ọmọ tí a tọ́ dáadáa? Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń gbé pọ̀n, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tó bá ìrísí tàbí ìwà rẹ̀ mu, tí yóò máa dùn mọ́ ọn létí. Bí Ọmọ́lẹ́wà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onírun pupa di Ẹyìn-tó-pọ́n. Aṣọ́lé wọn, tó tóbi débi pé a kì í rí àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, di Ìlẹ̀kùn-ààfin. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni tiwọn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì tó dé, orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń pariwo láti orí ìjókòó, pẹ̀lú ohùn tó ń gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀.

Họ́kì ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, ti orí yìnyín: ènìyàn márùn-ún sí márùn-ún, aṣọ́lé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́ gbogbo wọn, àti rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì. Ẹ̀yìn ni Fẹ́mi ń gbá. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn kì í sábà fi góòlù ṣe fáàrí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ti ẹlòmíràn má wọlé. Bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó ń rántí. Bó bá ṣe é láàbọ̀, gbogbo Dagenham á gbọ́.

Ògbóǹtarìgì tó kọ́ Fẹ́mi ní ẹ̀yìn gbígbá, nígbà tí àwọn òbí Fẹ́mi kó kúrò ní Peckham wá sí Dagenham tó ṣì wà ní kékeré, ti fi eré sílẹ̀ kí Ọmọ́lẹ́wà tó dé. Ará Upney ni, ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀ àjàgbé ní Dagenham Dock. Ẹ̀wù rẹ̀ onínọ́ńbà márùn-ún wà lókè lára ògiri, wọ́n fi okùn so ó rọ̀ bí àsíá. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ìyàwó tuntun: pé apá òsì iwájú àwọ̀n ló máa ń dúró sí, ibi tí òrùlé ti ń jò tí yìnyín sì wú díẹ̀, pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ wá, ẹkún ló máa sun padà sílé. Ọmọ́lẹ́wà ronú díẹ̀, ó sọ ọ́ ní Má-kọjá-níbí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó ilé kò pè é rí, àwa náà kò ní í pè é.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀wù tó bá ti gun ògiri, ẹnu ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló lè sọ ọ́ kalẹ̀. Fẹ́mi fẹ́ ẹ̀wù yẹn bí ebi ṣe ń pani. Ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní, "Kò tíì yá." Ọdún tó tẹ̀ lé e, kò tíì yá. Ọdún mìíràn, kò tíì yá náà ni. Wọ́n wà lórí kò-tíì-yá yìí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Fẹ́mi fò balẹ̀ síwájú pọ́ọ̀kì kan láti fi ara dí i, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fọ́. Kò gbá họ́kì mọ́. Ọmọ́lẹ́wà ló ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, tó ń fi òróró àdúrà pa á, tó sì ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí kanlẹ̀ lójú oorun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà há Ọmọ́lẹ́wà lọ́fun bí egungun ẹja. Síbẹ̀, bó bá pàdé Má-kọjá-níbí, ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú.

Ìgbà ń lọ. Ọmọ́lẹ́wà di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ń gbé èrò láti Marks Gate lọ sí Romford, ó sì ń bá wọn wí bí ọmọ bí wọ́n bá dúró dí ẹnu ọ̀nà. Eden ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń fi orúkọ pè ní gbogbo pápá náà, nítorí ẹ̀yìn tí òun dé ni wọ́n bí i. Eden náà ń gbá họ́kì, nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ẹ ò sì níláti béèrè ibi tó ń gbá.

Ilé Akínrẹ̀mí wá di ilé àríyànjiyàn. Fẹ́mi ò rí ẹni tó dà bíi Bobby Orr láyé, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń gbá, tó sì fi góòlù àti ìrànwọ́ borí gbogbo ará iwájú ní líìgì lẹ́ẹ̀mejì. Eden á ní Cale Makar ni, wò ó bó ṣe ń yí lórí ẹsẹ̀ kan, pé tí wọ́n bá gbé Bobby Orr wá sáyé òde òní, kò ní í rí pọ́ọ̀kì sójú. Bí Má-kọjá-níbí bá wà ńlé, á gbá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní ọmọdé ni gbogbo yín, pé Doug Harvey ará Montreal nìkan ló mọ ẹ̀yìn gbá, òun ló lè mú kí eré lọ pẹ̀lẹ́ tàbí kó yára bó bá ṣe wù ú.

"Bàbá Eden, ẹni tí ẹ ń sọ yẹn, orúnkún rẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ́lẹ́wà á béèrè láti kíṣìnì.

"Ó bàjẹ́," Fẹ́mi á fèsì. "Orúnkún ló lé e kúrò nínú game."

"Ẹ ò rí i? Ẹni yín ni, ìyẹn ló fi jọ yín." Gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá ni Eden lọ bá Má-kọjá-níbí ní Upney, tó tọrọ ẹ̀wù náà. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ. Nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà gbọ́, àyà rẹ̀ já. Ó ti wo ọkọ rẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀wù yẹn títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Kò fẹ́ kí ọmọ tún dúró bẹ́ẹ̀. Má-kọjá-níbí dáhùn pé kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n fi Eden wé òun àti bàbá rẹ̀, kí òun gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí.

Catherine, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, pe ìpàdé sí yàrá òkè pápá ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin. Ibẹ̀ kún. Ẹyìn-tó-pọ́n, tí orí rẹ̀ ti pá báyìí àmọ́ tí orúkọ ò pá, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú, ó ní bí a bá fi ojú iye wò ó, Eden ti ta àwọn ọkùnrin méjèèjì yọ. Arúgbó kan dá a lóhùn pé láyé ijọ́un, ta ló ń ka àwọn tí a dá dúró? Igi lásán ni ọ̀pá wa, kò sí akoto lórí, bàtà wúwo bí òkúta. Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àwọn ará iwájú ayé ijọ́un náà ń ráre, ẹni tó ń mu sìgá ní ìsinmi àárín eré kò lè sá fún Eden. Ariwo ta. Ìgbà yẹn ni Má-kọjá-níbí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní nínú eré àwọn obìnrin, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ara kọ lu ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Nígbà tiwa, eyín là ń ṣà nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó tó?"

Eden wo ilẹ̀. Fẹ́mi ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà rí àwọn méjèèjì pọ̀, ó dìde.

Bó ṣe ń bá èrò bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá wọn sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ó sì ti mọ́ wọn lára. "My people, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó ilé ni mí. Àwọn tó ṣáájú mi wọlé, I can't put them on a scale, ẹnu mi ò gbà á. But I want to ask. Ẹni tó lè fi ara gbá èèyàn ṣubú, ó ní ohun tó fi ń dá a dúró. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé don't touch anybody, tó sì tún ń dá wọn dúró, kí lẹ máa pe ìyẹn? When I lock my door ní Marks Gate, nobody asks the door how many thieves it has beaten. Èmi ni wọ́n máa bi pé, did you sleep? Kí ló dé tí ẹ ń bi kọ̀ǹpútà? Ẹ bi àwọn aṣọ́lé. Ask them who let them sleep."

Wọ́n wo ara wọn. Catherine ní ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìlẹ̀kùn-ààfin ni wọ́n kọ́kọ́ bi, ọkùnrin tó ti dúró lẹ́yìn Má-kọjá-níbí, tó tún dúró lẹ́yìn Fẹ́mi. Ó ní nígbà ti Má-kọjá-níbí, òun ń sùn. Nígbà ti Fẹ́mi, òun ń sùn, òun sì ń lá àlá.

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́yìn ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. Má-kọjá-níbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Fẹ́mi, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ilé tó ti kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìwọ̀ ọ́.

Wọ́n wá bi Nabeelah, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ Eden. Ó gbé èjìká sókè. "Me? Bí Eden bá wà níwájú mi, honestly, I get bored, Aunty." Gbogbo wọn ní í pe Ọmọ́lẹ́wà ní Aunty níbẹ̀.

Má-kọjá-níbí fi ọ̀pá rẹ̀ dìde. Ó ní, "Mo máa wá wò ó lọ́la." Kò sọ pé kò tíì yá.

Ní ọjọ́ kejì, Ọmọ́lẹ́wà bọ́ láti ilé ìsìn tààrà sí pápá, sùtánà funfun lábẹ́ kóòtù, òórùn tùràrí lára rẹ̀. Ó jókòó láàárín ọkọ rẹ̀ àti Má-kọjá-níbí. Kò sí ohun tí kò bá Ọlọ́run sọ lórí ìjókòó yẹn. Ó ní, Olúwa, bí Ẹ ò bá fẹ́ fún un, Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu bàbá yìí ni yóò ti gbọ́ ọ.

Eré náà le. Ẹgbẹ́ Eden ti gbá méjì wọlé, àwọn àlejò gbá ọ̀kan. Nígbà tí eré fẹ́ parí, àwọn àlejò yọ aṣọ́lé wọn kúrò, wọ́n fi ẹlòmíràn kún iwájú, wọ́n sì ya bo ilé bí omi. Ẹni tó jẹ́ ẹnìkejì Eden ní ẹ̀yìn fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú. Ó wá ku Eden nìkan, àwọn méjì ń bọ̀ wá bá a pẹ̀lú eré burúkú, pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì ń dúró de kí wọ́n sún un sí òun.

"Má fò," Fẹ́mi ń sọ lábẹ́ èémí rẹ̀. "Eden, má fò. Please, stay on your feet."

Kò fò. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, orúnkún bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó ń fà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn, ó na ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì tó fi jẹ́ pé wọn ò rí ọ̀nà sún pọ́ọ̀kì síra wọn. Ó fi ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹni tó mú un dání, apá òsì. Ẹni yẹn rò pé oríire ni, ó gba ibẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà kò wo yìnyín mọ́, Má-kọjá-níbí ló ń wò. Ọkùnrin náà ti nára síwájú, ẹnu rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan láìsí ohùn, nítorí ó ti mọ ibi tí ọmọ náà ń dà wọ́n lọ.

Pọ́ọ̀kì dé ibi tí yìnyín ti wú, ó ta sókè díẹ̀. Ìyẹn ti tó. Eden fi ọ̀pá gbà á láìfi ara kan ẹnikẹ́ni. Ìbá gbá a dànù, ẹnikẹ́ni ò ní í bá a wí. Àmọ́ ọmọ Fẹ́mi ni. Ó gbé orí sókè, ó sá gba àárín wọn kọjá bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà ayé orúnkún rẹ̀, ó wá ta pọ́ọ̀kì náà gba gbogbo gígùn pápá kọjá wọ inú àwọ̀n tó ṣófo.

Fẹ́mi gbàgbé pé òun ní ẹsẹ̀ tí ń dunni, ó fò sókè. Ọmọ́lẹ́wà bú sẹ́kún, inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fọn fèrè. Ife di tiwọn.

Nígbà tí wọ́n gba ife tán, Má-kọjá-níbí sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà yìnyín, Catherine gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Ó ní ní ọjọ́ kan, ọmọ kan tí òun kọ́ wá tọrọ ẹ̀wù òun, òun ní kò tíì yá. Ó ní, "Irọ́ ni mo pa. Ó ti yá. Ó ti tó mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí lọ, mo sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí i nínú ẹ̀wù mi, wọn ò ní í rántí mi mọ́." Ó kọjú sí Fẹ́mi. "Má bínú. Lọ sọ ọ́ kalẹ̀."

Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló tú okùn. Eruku bo ẹ̀wù náà. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ gbé e fún ọmọ rẹ̀, àmọ́ Má-kọjá-níbí fi ọ̀pá dí i lọ́nà. Ó ní kí òun náà wọ̀ ọ́ ná. Fẹ́mi wọ̀ ọ́ lé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fún un níkùn, kò sì bìkítà. Gbogbo èrò pápá dìde, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ó dúró nínú rẹ̀ díẹ̀, ó fi apá ẹ̀wù náà nu ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ, ó sì fi wọ Eden lọ́rùn.

"Orúkọ ńkọ́?" ni Ẹyìn-tó-pọ́n béèrè láti ẹ̀yìn.

Má-kọjá-níbí ní ẹ̀wù ló ni orúkọ tí ìyàwó ilé sọ òun, ẹni tó bá gba ọ̀kan ti gba èkejì. Ó ní òun máa wá orúkọ mìíràn lọ́wọ́ ìyàwó bó bá yá.

Ọmọ́lẹ́wà bọ́ kóòtù rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó rìn nínú sùtánà rẹ̀ funfun dé ẹnu ọ̀nà, lórí rọ́bà tútù kan náà, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ó ní, "Ẹ kúulé o, Má-kọjá-níbí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹyìn-tó-pọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ tó pá.

Eden figbe ta. "Mummy, no. Ẹ dìde, please, ẹ̀yin lẹ bí mi." Nígbà tí kò rí i kó dìde, òun náà wó lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ihámọ́ra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dojú kọ ọ́, ó dì mọ́ ọn, orúnkún wọn kan ara wọn.

"Ẹni tó wọ ẹ̀wù yìí ti ṣáájú mi wọlé," Ọmọ́lẹ́wà sọ sí i létí. "Àti pé kí ló ń yà ọ́ lẹ́nu, my daughter? Ọjọ́ tí mo bí ọ ni mo ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ọ."